Àwọn Òbí Tí Wọ́n Fi Òru Wakọ̀: Ìtàn Takisí àti Ẹbí Yorùbá ní Òkè Òkun

Nínú ọ̀rọ̀ wa ti òní, mo fẹ́ kí a jọ yẹ ìtàn iṣẹ́ kan wò, iṣẹ́ tí ó ti bọ́ ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní ìlú òyìnbó, tí ó sì ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n tí a kì í fẹ́ mẹ́nu bà níbi àpèjẹ. Iṣẹ́ náà ni iṣẹ́ takisí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ọ̀nà tí a gbà dé ibi tí a dé.

Takisí ti wà kí mọ́tò tó dé. Ní ọdún 1634 ni àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí a ń háyà kọ́kọ́ tò sí ojú kan ní òpópónà Strand ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń dúró de èrò. Ní 1654, nígbà tí Oliver Cromwell wà lórí àlééfà, ìjọba ṣe òfin tí ó gbé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá onítakisí ẹlẹ́ṣin kalẹ̀. Ní 1865 ni ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Knowledge bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wa takisí dúdú jákèjádò Lọ́ńdọ̀nù ní láti kọ́ ọ̀nà 320 sórí, pẹ̀lú àwọn òpópónà tí ó tó 25,000 láàárín máìlì 6 sí Charing Cross. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ń lò kí wọ́n tó yege. Ní 1907, òfin sọ ọ́ di dandan pé kí takisí ní mítà tí ń ṣírò owó, kí èrò àti awakọ̀ má baà máa jà.

Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tí ó wá kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìṣirò owó, tí ó ní aya àti ọmọ, níbo ni yóò ti rí ọdún mẹ́ta tí yóò fi máa gun alùpùpù káàkiri ìgboro láti há orúkọ òpópónà sórí, láìsí ẹni tí yóò san kọ́bọ̀ fún un? Ọ̀kan nínú àwọn ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé òyìnbó ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ń wa takisí dúdú, tí iṣẹ́ náà sì ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òfin 1869 sọ pé takisí tí ó bá gba àṣẹ nìkan ni ó lè máa wá èrò lójú pópó, kò sì sọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ tí èrò bá fi tẹlifóònù pè. Ní 1961 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Michael Gotla rí àlàfo yìí, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Welbeck Motors, sì kó àwọn ọkọ̀ Renault Dauphine kéékèèké sí ìgboro. Inú bí àwọn onítakisí dúdú gidigidi, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ lójú títì. Bí ó ti wù kí ó rí, ilẹ̀kùn ti ṣí. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó bá ní ọkọ̀, ìwé ìwakọ̀, àti ìwé àwòrán ìlú tí wọ́n ń pè ní A–Z, lè wọ ọ́fíìsì kékeré kan lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, kí ó san owó ọ̀sẹ̀ fún ẹni tí ń gba ìpè, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa gbà wọlé. Òyìnbó ń pè é ní minicab. Àwa ń pè é ní kábúkábú, orúkọ tí a mú ti ilé bọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ń pe ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà takisí lára tí olówó oṣù fi ń kó èrò nígbà tí owó iṣẹ́ kò bá tó ó jẹun. Ohun tí ó sì mú kí àwọn tiwa pọ̀ níbẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Nígbà tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1986, náírà já wálẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní 1987 bíi náírà 4 ni a fi ń ra dọ́là 1. Owó tí bàbá ń fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kò san owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá fún ọdún mẹ́ta di òṣìṣẹ́, ó fi ọ̀sán kàwé, ó sì fi òru wakọ̀.

Bàbá tèmi wà lára wọn. Olùkọ́ ni nílé kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1987. Ó máa ń sọ fún wa pé ní yàrá tí àwọn awakọ̀ ti ń dúró de ìpè, tí èéfín sìgá kún fọ́fọ́, ẹni tí ó jókòó lọ́tùn-ún rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà, ẹni tí ó jókòó lósì ń kọ ìwé ẹ̀rí kejì lórí ètò ọrọ̀-ajé. Nínú yàrá náà ni wọ́n wà ní 1993 nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti fagi lé ìdìbò June 12. Ó ní fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tẹlifóònù ń dún, kò sì sí ẹni tí ó gbé e.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ni. Èrò náà ní ìtàn tirẹ̀. Òfin Lọ́ńdọ̀nù sọ pé onítakisí dúdú tí ó bá ti dúró fún èrò kò gbọdọ̀ kọ̀ láti gbé e láìnídìí gúnmọ́, bí ìrìn-àjò náà kò bá ju máìlì 12 lọ. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn tí ó gbé Peckham, Deptford tàbí Camberwell ní àwọn ọdún wọ̀nyí. Wọn yóò sọ fún yín iye ìgbà tí awakọ̀ dá wọn lóhùn pé òun kì í sọdá odò Thames lálẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 2006, èmi àti ọmọ mi dúró sínú òjò ní àárín gbùngbùn ìlú. Takisí méjì tí iná orí wọn ń tàn kọjá wa, wọ́n sì dúró fún òyìnbó tí ó wà níwájú. Ẹ̀kẹta dúró, ó béèrè ibi tí à ń lọ, mo ní Peckham, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọ́fíìsì kábúkábú ọmọ Yorùbá kan ni a sá sí. Ẹni tí ń gba ìpè wo ọmọ lẹ́yìn mi, ó ní, “Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ fi èyí nu orí ọmọ. Bọ̀dá kan ti ń bọ̀.” Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ohun tí kábúkábú jẹ́ nìyẹn: ọkọ̀ tí kì í béèrè ìdí tí o fi ń lọ sí ilé rẹ.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Ní New York, òfin Haas ti 1937 fi òǹtẹ̀ sí iye takisí tí ìjọba fún ní àṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn takisí aláwọ̀ yẹ́lò wọ̀nyí kì í fẹ́ dé Harlem àti Bronx. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí wọ́n ń sọ èdè Spéènì ni wọ́n dá ọkọ̀ tiwọn sílẹ̀ láti gbé ara wọn. Ní 1999, òṣèré sinimá nì, Danny Glover, fi ẹjọ́ sun pé onítakisí márùn-ún kọ̀ láti gbé òun àti ọmọ òun obìnrin. Nígbà náà ni ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n múra bí èrò láti mú awakọ̀ tí ó bá ń kọ ènìyàn. Bí gbajúmọ̀ bá lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì báyìí, ẹ mọ ohun tí ojú mẹ̀kúnnù ti rí.

Nígbà tí ó yá, ìjọba fẹ́ mọ ẹni tí ń wa kábúkábú. Òfin Lọ́ńdọ̀nù ti 1998 ni ó fi òpin sí ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe é bí ó ti wù ú. Láti 2001 ni àwọn ọ́fíìsì ti ní láti gba àṣẹ, àwọn awakọ̀ tẹ̀ lé wọn ní 2003, ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e ní 2004. Láti 2016, awakọ̀ tí kò bá ní ìwé tí ó fún un ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ nílùú kò lè gba àṣẹ náà. Òfin yìí dáàbò bo èrò, pàápàá àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n ó já oúnjẹ gbà lẹ́nu àwọn kan tí ìwé wọn kò tí ì jáde.

Lẹ́yìn náà ni fóònù gba ipò ẹni tí ń gba ìpè. Uber, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 2009, wọ Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, ó sì dé Èkó ní 2014. Èrò tẹ fóònù, ọkọ̀ dé, kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá Peckham ni. Ìrọ̀rùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ní New York, òǹtẹ̀ takisí tí àwọn àlejò fi gbogbo ìfowópamọ́ àti gbèsè rà, tí owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù 1 dọ́là lọ ní 2014, ti wálẹ̀ kọjá 200,000 ní 2018. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀gá ara wọn ni àwọn awakọ̀. Àwọn awakọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́, James Farrar àti Yaseen Aslam ni wọ́n ṣíwájú, ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2021 sì ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, tí ó tọ́ sí owó iṣẹ́ tí òfin dá àti owó ìsinmi. Ẹni tí ń fi òru wakọ̀ nínú yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ béèrè rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ amójútó ìgbáyégbádùn ẹbí. Ìtàn takisí wa jẹ́ ìtàn òru àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. Láti àárín àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ òbí láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń kàwé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World láti wá òyìnbó tí yóò bá wọn tọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ kan rí ìfẹ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn pàdánù èdè, wọ́n sì di àlejò lọ́dọ̀ òbí tí ó bí wọn. Lónìí, bí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16 yóò bá gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹbí tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí a fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí.

Àwọn òbí mìíràn kò fi ọmọ tọrẹ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì lọ síbi iṣẹ́. Òfin kò dá ọjọ́ orí kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ọmọ sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ewu lè gbà bá a, àjọ NSPCC sì gbà wá níyànjú pé kí ọmọ tí kò tí ì pé 16 má ṣe dá sun ilé mọ́jú. Bí tọkọtaya bá ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ pín ọjọ́ láàárín ara yín, tàbí kí ẹ wá àgbà kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé láti sùn ti ọmọ. Ẹ má dúró títí di ìgbà tí irú èmi yóò fi kan ilẹ̀kùn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí iṣẹ́ gbé mi dé, olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ ya àwòrán iṣẹ́ tí bàbá wọn ń ṣe. Ọmọ wa kan ya ọkùnrin tí ó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, tí oòrùn sì ràn lójú fèrèsé. Ó ní oorun ni iṣẹ́ bàbá òun. Ọmọ náà kò purọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó yà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́ di agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni bàbá rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀ nítorí rẹ̀. Ìtìjú ni ó pa bàbá lẹ́nu mọ́, ìtìjú náà sì jí ògo rẹ̀ lójú ọmọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ọ́. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti wo nọ́ńbà ọkọ̀ àti àwòrán awakọ̀ kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n sì mọ̀ pé kábúkábú tí a kò pè ṣáájú kò gbọdọ̀ gbé èrò lójú títì, nítorí ìwé adójútòfò rẹ̀ kò bo irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ wọn láti kí awakọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, nítorí ó lè jẹ́ bàbá ọmọ kan tí ó ń sùn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé dókítà àti agbẹjọ́rò tí a ń fọ́nnu lé lórí lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni owó òru kábúkábú tọ́ dàgbà. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ gbogbo àwọn tí ń wakọ̀ lóru, kí ó sì máa ṣọ́ àwọn tí ń dúró dè wọ́n nílé.