Àpáta Búsà àti Ìtàn Àwọn Tí Ó Wá Ẹnu Odò Ọya

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Omi tí ó wà ní agbègbè náà, omi tí ń rọra wọ́ lọ sínú ọ̀sà ni. Kò sí òkè, kò sí àpáta tí omi lè ti orí rẹ̀ já wálẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ bí odò ńlá ṣe ń bú ramúramù láàárín òkúta, yóò ní láti fi ẹnu ya àwòrán rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ó gba iwájú Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983, Àgbádárìgì ni ó ń lọ tààrà. Láti Àgbádárìgì yìí ni àwọn òyìnbó kan ti gbéra láti lọ wá ibi tí Odò Ọya ti ń já láàárín àpáta Búsà, àti ibi tí odò náà ti ń wọ òkun.

Gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ìwé ti kọ́ sórí: “Mungo Park ni ó ṣàwárí Odò Ọya.” Ó yẹ kí a gbé gbólóhùn náà sórí ìwọ̀n, nítorí pé ohun tí olùkọ́ bá sọ lónìí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún sọ fún ọmọ ẹlòmíràn lọ́la.

Park, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi ojú kan odò náà ní Ségù ní ọdún 1796. Ó padà wá ní ọdún 1805 pẹ̀lú àwọn òyìnbó tí ó lé ní ogójì. Àìsàn pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé márùn-ún péré, òun fúnra rẹ̀ mọ́ wọn, ni ó kù nígbà tí wọ́n kan ọkọ̀ ní Sansanding. Orúkọ tí ó sọ ọkọ̀ náà ni Joliba. Ṣùgbọ́n kí ni Joliba? Orúkọ tí àwọn Mandé tí ń gbé létí odò náà ń pè é ni. Bí àlejò bá wá sí ilé ẹni, tí ó sì fi orúkọ tí onílé sọ ilé náà pe ọkọ̀ rẹ̀, báwo ni a ó ṣe sọ pé àlejò ni ó ṣàwárí ilé? Àwọn Yorùbá pàápàá ti ń pè é ní Ọya, wọ́n sì ti ń bọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni ní London tó mọ ibi tí ó ń ṣàn gbà.

Gẹ́gẹ́ bí Amadi Fatouma, afinimọ̀nà Park, ṣe ròyìn lẹ́yìn náà, ọkọ̀ Joliba kì í dúró ní èbúté. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì ń yìnbọn fún àwọn tí ó bá wa ọkọ̀ sún mọ́ wọn. Ní ọdún 1806 wọ́n dé Búsà, níbi tí odò ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ sáàárín àpáta, tí omi sì ń sáré kíkankíkan. Níbẹ̀ ni Park kú sí. Àwọn àgbà a máa sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn ọlọ́kọ̀ Búsà mọ ojú ọ̀nà tí ó wà láàárín òkúta wọ̀nyẹn; ẹni tí kò dúró bi wọ́n kò lè mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹnu odò náà kò tán síbẹ̀. James MacQueen, tí ó ti ṣe alábòójútó oko ìrèké ní Grenada, kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Odò Ọya rí. Síbẹ̀ ó tẹ ìwé jáde ní ọdún 1821, nínú èyí tí ó ti sọ pé inú òkun ní apá ìhà Bìní ni odò náà ń ṣàn sí. Lára ibi tí ó ti rí ọgbọ́n yìí ni ẹnu àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí oko náà. Ẹ̀rí tí ayé ń wá ti wà lẹ́nu àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè.

Ní ọdún 1825, Hugh Clapperton gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó gba Ọ̀yọ́-Ilé lọ sí Búsà, ó sì kú sí Sókótó ní ọdún 1827. Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀, padà sí Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti fún un ní májèlé mu lórí ẹ̀sùn pé amí ni. Ó mu ún, kò sì kú. Ní oṣù kẹta ọdún 1830, òun àti John àbúrò rẹ̀ tún dé. Ọba Adélé, ọba Èkó tí a ti lé kúrò lórí oyè tí ó sì ń gbé ní Àgbádárìgì, ni ó yọ̀ǹda ọkọ̀ fún wọn. Pascoe, ọmọ Haúsá tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Abu Bakr, tí ó ti bá Clapperton rìn, tún wà pẹ̀lú wọn. Aláàfin gbà wọ́n lálejò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ní oṣù kẹfà, wọ́n dé Búsà.

Ọba Búsà gbé ìwé kan jáde tí a fi aṣọ wé. Ọkàn àwọn ará Lander fò sókè, wọ́n rò pé àkọsílẹ̀ ìrìn àjò Park ni. Ìwé ìṣirò àwọn atukọ̀ òkun ni. Ara ìwé pélébé tí ó wà láàárín rẹ̀ ni owó tí télọ̀ kan ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀. Láti Búsà wọ́n wa ọkọ̀ gòkè lọ sí Yáúrì, wọ́n sì padà, pẹ̀lú ọgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ náà tí wọ́n mọ bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ kọjá àpáta. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bá odò sọ̀kalẹ̀. A mú wọn lẹ́rú lọ́nà, Ọba Boy ti Brass sì san owó ìràpadà wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1830 wọ́n rí òkun.

Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ọkọ̀ ojú omi oníṣòwò dé ní ọdún 1832. Nínú òyìnbó 48 tí ó bá a lọ, mẹ́sàn-án ni ó yè. Ní ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring, tí Samuel Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀, fọ́ mọ́ àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà. Glover, tí ó di alákòóso Èkó lẹ́yìn náà, wà nínú ọkọ̀ yìí, ó sì gba ọ̀nà ilẹ̀ wá sí Èkó. Nítorí pé ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá àpáta, olúkúlùkù ìjọba ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn Faransé gba Búsà ní ọdún 1897; àdéhùn ọdún 1898 fi í fún Gẹ̀ẹ́sì, Nikki sì bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Báyìí ni ilẹ̀ Bàrìbá ṣe di méjì, tí Nikki fi wà ní orílẹ̀-èdè Benin, tí Búsà sì wà ní Nàìjíríà. Ìmọ̀ tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi lọ́fẹ̀ẹ́ ti di ohun tí a fi pín ilẹ̀ wọn.

Lónìí, àpáta náà wà lábẹ́ omi. Láàárín ọdún 1964 sí 1968 ni a mọ ìdènà Kainji. Omi bo Búsà àtijọ́, ó sì lé ní ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn tí a kó lọ sí ibùgbé tuntun. Iná mànàmáná ń ti ibẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá lọ sí Búsà tuntun kò lè rí ibi tí Park kú sí mọ́. Ìtàn tí a ń kọ́ni nìkan ni ó kù tí a lè fi rí i.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kí olùkọ́ pa orúkọ Park tàbí ti àwọn ará Lander rẹ́. Wọ́n rìn, wọ́n jìyà, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ nǹkan sílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ pé àwọn ará Lander fi hàn fún ilẹ̀ Yúróòpù ibi tí Odò Ọya ti ń wọ òkun, ó kọ òtítọ́. Bí ó bá kọ pé wọ́n ṣàwárí odò náà, kí olùkọ́ bi í léèrè pé: ta ni ó wa ọkọ̀ wọn?