Ẹ̀gbọ́n Lórí Àbúrò: Ìtàn Inú Òkúta

Àwa tí a ń gbé ilẹ̀ Rẹ́mọ ní ìwé ìtàn kan nítòsí tí ó dàgbà ju ìtàn ọba èyíkéyìí lọ. Ní Ṣágámù, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1978, a ń wa òkúta ẹfun tí ìkarahun àwọn ẹ̀dá òkun wà nínú rẹ̀. Nítorí ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun bo ìhín. Àwọn ìpele ibẹ̀ tẹ́ lé ara wọn bí ẹní: èyí tí a kọ́kọ́ tẹ́ wà nísàlẹ̀, èyí tí a tẹ́ kẹ́yìn wà lókè. Èyí ni àwa olùkọ́ fi ń kọ́ àwọn ọmọ pé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ni àgbà.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, òfin náà kò dúró níbi gbogbo. Bí a bá kọjá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ dé Tógò, níbi tí àwọn ìbátan wa, àwọn Ifẹ̀ Atakpamé, ń gbé, a ó rí àwọn òkè Atakora. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ etí òkun àtijọ́ ni púpọ̀ nínú òkúta wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ ìlà-oòrùn rìn wá kọlu ti ìwọ̀-oòrùn, òkun àárín wọn sì parẹ́. Bí a bá ti ẹní mọ́ ògiri, yóò ká sókè; bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìpele náà ká. Nígbà tí wọn kò lè ká mọ́, wọ́n sán, apá kan sì gun orí èkejì síhà ìwọ̀-oòrùn. Nínú irú ìgùn bẹ́ẹ̀ ni òkúta àgbà fi ń dé orí òkúta èwe.

Èyí ti ṣi àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá lọ́nà. Ní àríwá Skọ́tlándì, Roderick Murchison kọ́ni pé àwọn òkúta òkè ibẹ̀ ni èwe, Archibald Geikie sì tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Ben Peach àti John Horne, tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Geikie, fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà, wọ́n sì rí i pé a ti ti àgbà gun èwe. Geikie lọ wò ó fúnra rẹ̀, ní ọdún 1884 ó sì jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun ti ṣìnà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwa náà ti kọ́ òfin yìí láìfi “bí” kan sí i. Láti òní lọ, nígbà tí a bá mú àwọn ọmọ dé etí kòtò Ṣágámù, ẹ jẹ́ kí a wí pé: ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ni àgbà, bí a kò bá tì í kúrò ní ipò rẹ̀.