Agbára Ẹ́ńjìnnì Nìkan Kọ́ Ló Ń Gbé Bàálù

Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà mọ̀ ọ́n dáadáa: kọ̀ǹpútà lè yára bí àrá, àmọ́ bí ohun méjì inú rẹ̀ ò bá gbọ́ra wọn yé, iṣẹ́ ò ní lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn bàálù fúyẹ́ rí, ìyẹn àwọn bàálù kéékèèké tó ń gbé ẹnì kan tàbí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kan ọ̀kan á kọ́kọ́ béèrè pé: ẹ́ńjìnnì wo? Ìbéèrè kejì ló le jù: kí ni yóò wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ bàálù?

Wilbur àti Orville Wright, oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, bá ìbéèrè yìí pàdé ní 1903. Charlie Taylor, mẹkáníìkì wọn, fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 12. Wọ́n fi ṣéènì bíi ti kẹ̀kẹ́ dín eré rẹ̀ kù: tí ẹ́ńjìnnì bá yí nǹkan bí ìgbà mẹ́ta, abẹ̀bẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀kan. Ó fò.

Ní 1975, John Moody so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́ irú ìyẹ́ táwọn èèyàn fi ń fò láti orí òkè, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó sì gbéra. Àwọn èèyàn tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ wọn so abẹ̀bẹ̀ kékeré mọ́ ẹ́ńjìnnì tààrà: ariwo pọ̀, agbára ò tó nǹkan.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Rotax 503, ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Ọ́stríà, ń yí nǹkan bí ìgbà 6,500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá so abẹ̀bẹ̀ mítà 1.5 mọ́ ọn tààrà, ṣónṣó rẹ̀ á máa sáré 510 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìró fúnra rẹ̀ ò ju 340 lọ! Ariwo lásán ni agbára yẹn á dà. Ṣùgbọ́n fi gíábọ́ọ̀sì 2.58 sí i: abẹ̀bẹ̀ á yí nǹkan bí ìgbà 2,520, ṣónṣó rẹ̀ á wá sí nǹkan bíi 198.

Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Ọ́ìlì ni wọ́n ń pò mọ́ epo 503, bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré “I pass my neighbour”. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ ọ́ sínú ìwé ìlò rẹ̀ pé ó lè kú lójijì nígbàkigbà. Kò sì sí ibi tí èèyàn ti lè gúnlẹ̀ dúró lójú ọ̀run.

Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń lò ó? Ìwúwo ni. Òfin Amẹ́ríkà ti 1982 ní kí bàálù ẹlẹ́nìkan tí kò nílò ìwé àṣẹ má wúwo tó 254 pọ́n-ùn kí epo àti èèyàn tó wọ̀ ọ́. Nígbà tí Rotax 912 dé ní 1989, agbára ẹṣin 80, tí gíábọ́ọ̀sì ti wà lára rẹ̀, tí kò nílò kí a po ọ́ìlì mọ́ epo, ọkàn ọ̀pọ̀ awakọ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo jù, ó sì wọ́n jù.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá ń yan ẹ́ńjìnnì, kó má kàn béèrè pé báwo ló ṣe lágbára tó. Kó tún béèrè pé: ta ló máa rọ eré rẹ̀ lójú, kí sì ni màá ṣe lọ́jọ́ tó bá dákẹ́?