Ilé Lásán Kọ́ Ni Ilé Ìkàwé: Ìtàn Bí Nàìjíríà Ṣe Ń To Ìwé Rẹ̀

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà bá délẹ̀, ilé ńlá tó wà ní Àbújá ni gbogbo ẹnu máa ń dá lé. Ọdún 2006 ni ìjọba gbé iṣẹ́ ilé náà fún agbaṣẹ́ṣe. Nígbà tó fi di ọdún 2025, wọn kò tíì parí rẹ̀, débi pé ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, rọ àwọn tó fẹ́ bá a yọ̀ fún ọjọ́ ìbí ọdún 65 rẹ̀ pé kí wọ́n fi owó ẹ̀bùn wọn ṣe ìrànwọ́ fún ilé náà. Ó dára kí ilé parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé sí yàrá kan láì tò wọ́n, ìwé ló ní, kò ní ilé ìkàwé. Iṣẹ́ títo ìwé orílẹ̀-èdè yìí ti pẹ́ ju ilé Àbújá lọ; Ìbàdàn àti Èkó ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1950, ìjọba amúnisìn ṣe òfin kan pé kí a máa fi ẹ̀dà ìwé tí a bá tẹ̀ jáde ní Nàìjíríà ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948. Bí ìwé ṣe ń wọlé ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló kọ ọ́, kí ni àkọlé rẹ̀, ibo ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ọdún wo ló jáde. Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́ 6 oṣù Bélú, ọdún 1964, ni Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ará ìlú ní òpópónà Wesley ní Erékùṣù Èkó. Àṣẹ ìjọba ológun kọkàndínlọ́gbọ̀n ti ọdún 1970 ló wá gbé àkójọ ìwé orílẹ̀-èdè lé e lọ́wọ́. Àṣẹ náà sọ pé láàárín oṣù kan tí ìwé bá jáde, kí atẹ̀wéjáde fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́, kó sì san owó ìfiránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ yóò tọ́jú 2, ìkan yóò lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀dà 25 ni ti ìjọba àpapọ̀, 10 sì ni ti ìjọba ìpínlẹ̀.

Lónìí, òpópónà Herbert Macaulay ní Yábà ni àwọn ará Èkó mọ̀ mọ́ Ilé Ìkàwé Àpapọ̀. Ibùdó yẹn kò jìnnà sí Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sinmi. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ gbé ìwé rẹ̀ jáde ní láti gba nọ́ḿbà ISBN lọ́dọ̀ Ilé Ìkàwé Àpapọ̀. Láti ọdún 2007, nọ́ḿbà náà ti di oní-13. 978 tó ṣáájú kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Gbogbo ayé ló ń lò ó fún ìwé. Ṣùgbọ́n 978 kan náà tún ni nọ́ḿbà tí wọ́n fún Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí ìwé wa fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, bí ẹni pé atẹ̀wé ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ìwé bá ti wọlé, ó ku ibi tí yóò jókòó sí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ń yẹ inú ìwé wò kó tó fún un ní àmì. Ètò ìsọ̀rí tí ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, ṣe ni Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ń lò. Nínú ètò yìí, ìtàn Nàìjíríà wà ní DT515, ìwé lítíréṣọ̀ Yorùbá sì wà ní PL8824.

Ètò tí a yá lò ní àléébù tirẹ̀. Ẹ wo D.O. Fágúnwà ará Òkè-Igbó àti Amos Tutùọlá ará Abẹ́òkúta. Inú àlọ́ àti igbó iwin kan náà ni àwọn méjèèjì ti bu omi mu. Ṣùgbọ́n *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938 wà ní PL, pẹ̀lú àwọn èdè Áfíríkà àti ti ìlà-oòrùn Éṣíà. *The Palm-Wine Drinkard* ti Tutùọlá, tó jáde ní 1952, wà ní PR, lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí èdè tó fi kọ ọ́. Àní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí ìwé Fágúnwà ní 1968, ẹ̀yìn ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ètò náà ní kó jókòó sí. Ti Ifá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ̀sìn ni, ṣé ewì ni, àbí ìmọ̀ ìṣègùn? Ìwé kan kò lè jókòó síbi mẹ́ta; bí òṣìṣẹ́ kan bá ti fi í sí ẹ̀sìn, ẹni tó ń wá ewì lórí pẹpẹ lè má bá a pàdé.

Àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Bí a bá yọ àmì kúrò, *oko*, *ọkọ*, *ọkọ́*, *ọkọ̀* àti *ọ̀kọ̀* á di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń wá ìwé nípa iṣẹ́ oko á bá ti ọkọ àti ìyàwó pàdé. Bí òṣìṣẹ́ kan bá kọ orúkọ òǹkọ̀wé pẹ̀lú àmì, tí òmíràn kọ ọ́ láìsí àmì, kọ̀ǹpútà lè pe ẹni kan ní ẹni méjì. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ló lè tún irú àṣìṣe yìí ṣe, kì í ṣe bíríkì àti sìmẹ́ńtì.

Nítorí náà, bí àríyànjiyàn ilé Àbújá ṣe ń lọ, ó yẹ kí ìjọba bi ara rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ mélòó ni yóò máa to ìwé Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti àwọn èdè yòókù nínú ilé náà. Ó sì yẹ kí àwọn òǹkọ̀wé àti atẹ̀wéjáde wo ọwọ́ ara wọn. Àwọn kan á gba nọ́ḿbà tán ní Yábà, wọn kò ní padà mú ẹ̀dà mẹ́ta wá. Ìwé bẹ́ẹ̀ lè tà wàràwàrà lọ́jà Èkó lónìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà tó wà nílé àwọn òǹkàwé bá gbó tán, kò ní sí àkọsílẹ̀ kankan tí yóò sọ fún ọmọ tí a kò tíì bí pé ẹnì kan kọ ọ́ rí.