Orúkọ Kì í Ṣe Ìran: Wíwá Orírun Ọmọ Ogun Nọ́wè Nínú Ìwé Ṣọ́ọ̀ṣì

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó wà nílé ọkọ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Ará Nọ́wè ni baba ńlá ọkọ rẹ̀, ó sì jagun nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ fẹ́ mọ orírun baba yìí. Wọ́n rí Ole Olsen kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún ìbí rẹ̀ bá ti baba wọn mu, ni wọ́n bá to ìdílé náà sẹ́yìn títí wọ́n fi dé nǹkan bí ọdún 1690. Ó ní, "Prof, ṣé a ti débẹ̀, sà?" Mo ní kó rọra ná, pé ó lè jẹ́ ilé onílé ni wọ́n wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún gbogbo yín, torí ọ̀rọ̀ yìí kan ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ìtàn ìdílé.

Ní Nọ́wè ayé ìgbà náà, apá mẹ́ta ni orúkọ ní. Èkíní ni orúkọ ìsàmì. Èkejì ni ti baba: ọmọkùnrin Ole á máa jẹ́ Olsen, ọmọbìnrin rẹ̀ á máa jẹ́ Olsdatter. Ẹ̀kẹta ni orúkọ oko tí èèyàn ń gbé. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: oko ni orúkọ kẹta yìí ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá kó kúrò lóko kan lọ sí òmíràn, orúkọ kẹta rẹ̀ lè yí padà. Ọmọ ìyá méjì lè jẹ́ orúkọ oko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Alágbàṣe tí kò bá onílé tan rárá náà sì lè jẹ́ orúkọ oko ọ̀hún. Ọdún 1923 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di dandan kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan tí wọn yóò máa jẹ́ láti ìran dé ìran.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa? Rárá o. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, orúkọ àbísọ baba kan ṣoṣo ló di orúkọ ìdílé lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n baba yẹn lè ní orúkọ mìíràn, kí àwọn ọmọ àwọn méjèèjì má sì mọ̀ lónìí pé ọ̀kan ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tí ìtàn rẹ̀ hàn gbangba ṣe àpẹẹrẹ. Hans Christian Heg ni a bí ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 1829, ní Lier, nítòsí ìlú Drammen. Even Hansen Heg ni baba rẹ̀, Siri Olsdatter ni ìyá rẹ̀, òun sì ni àkọ́bí wọn. Ní ọdún 1840, ìdílé náà ṣí lọ sí Muskego ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Hans wa góòlù ní Kalifọ́níà, ó padà wálé nígbà tí baba rẹ̀ kú, ó wọ ìṣèlú pẹ̀lú àwọn tó ń tako òwò ẹrú, wọ́n sì dìbò yàn án ní ọdún 1859 láti máa bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí ogun bẹ́, òun ni kọ́nẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ ọmọ ogun Kẹẹ̀ẹ́dógún ti Wisconsin, tí ọmọ Nọ́wè pọ̀ jù nínú wọn. Ìbọn bà á ní Chickamauga ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1863, ó sì kú lọ́jọ́ kejì.

Ó dáa. Bí ẹ bá ṣí ìwé ìsàmì tí ẹ ń wá ọmọ tó ń jẹ́ Heg, ẹ lè wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Orúkọ ìsàmì nìkan ni àlùfáà ń kọ sí ipò ọmọ. Ká ní ó dàgbà sílé, Hans Christian Evensen ni ì bá máa jẹ́. Orúkọ baba àti ibùgbé rẹ̀ ni ẹ ó máa wò. Ẹ tún wo èyí: àṣà wọn ni pé kí àkọ́bí ọkùnrin jẹ́ orúkọ baba-baba rẹ̀. Baba yìí ń jẹ́ Hansen, ọmọ Hans nìyẹn. Orúkọ ọmọ náà ti nawọ́ sí bàbá àgbà kí a tó ṣí ìwé kankan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń tẹnu mọ́? Ìkànìyàn tó kọ orúkọ gbogbo ará ìlú sílẹ̀ wáyé ní ọdún 1801. Irú rẹ̀ kò tún wáyé jákèjádò orílẹ̀-èdè náà títí di ọdún 1865. Ìwé tí àwọn ọlọ́pàá ń kọ orúkọ àwọn tó ń ṣí kúrò ní èbúté sí, ọdún 1867 ló tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí Heg ní 1829, ó lọ ní 1840. Àárín ló bọ́ sí, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e lọ sójú ogun. Bí kì í bá ṣe àlùfáà tó mú kálàmù, kò sí ẹni tí ì bá jẹ́rìí pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ gbé ilẹ̀ Nọ́wè rí.

Ọdún 1685 ni òfin ti pàṣẹ fún àwọn àlùfáà pé kí wọ́n máa kọ ìwé yìí. Nígbà tó fi máa di 1820, ó ti di ìwé onílà tó létò: ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìsàmì, orúkọ òbí àti ibùgbé wọn, àti àwọn bàbá àti ìyá ìsàmì. Ẹ má fojú di àwọn ìkẹyìn yìí, torí mọ̀lẹ́bí ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ìwé ìgbọ́wọ́lé tún wà, torí láti ọdún 1736 ni ó ti di dandan. Nígbà tó yá, wọ́n ń kọ ọjọ́ tí ọmọ gba àjẹsára ṣọ̀pọ̀ná mọ́ ọn. Ìwé ìgbéyàwó wà, ti ìsìnkú wà, ti àwọn tó wọ̀lú àti àwọn tó jáde náà wà.

Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò mọ ìjọ tí a ti ṣe ìsàmì fún baba rẹ̀ kò mọ ìwé tí yóò ṣí. "Nọ́wè" lásán ni ìwé ológun sábà máa ń kọ. Ẹ wo ìwé tí opó fi béèrè owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀, torí ó ní láti mú ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ti ọmọ wá. Ẹ wo ìwé àwọn ìjọ Lutheran níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ àlùfáà wọn mọ abúlé tí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan ti wá. Claus Clausen tó ṣe àlùfáà ní Muskego ló wá di àlùfáà ẹgbẹ́ ọmọ ogun Heg: agbo kan náà ló ń tọ́jú nílé àti lójú ogun.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá lọ sí Digitalarkivet ti ìjọba Nọ́wè. Ọ̀fẹ́ ni. Èdè Dẹ́nmárkì ni wọ́n fi kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ tó ń fojú ẹni rí màbo. Nínú àwọn tó pẹ́ jù, ọjọ́ ìsinmi ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń ka ọjọ́, bí ẹni ń sọ pé Sunday kẹta lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan. Ẹ ní láti yí i padà sí ọjọ́ oṣù fúnra yín.

Kí ẹ tó gbà pé ẹ ti rí i, kí ẹ̀rí mẹ́ta pàdé: ọjọ́ ìbí, orúkọ baba, àti oko. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbìyànjú láti ba ẹ̀rí ara yín jẹ́. Ẹ wo ìwé ìsìnkú, bóyá ọmọ náà ti kú ní kékeré. Ẹ wo ìwé ìgbọ́wọ́lé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Heg lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó ṣí lọ. Bí ẹ bá rí Hans Christian kan tó gba ọwọ́lé ní Lier ní ọdún 1844, ẹlòmíràn ni.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni a fẹ́ fi gbogbo làálàá yìí ṣe. Àwọn ọmọ Nọ́wè tó wà ní Amẹ́ríkà gbé ère Heg kalẹ̀ ní Madison ní ọdún 1925. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, nígbà ìwọ́de lórí ìyà tó ń jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n wó o lulẹ̀, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sì jù ú sínú adágún. Ọkùnrin tó kú nínú ogun tó fòpin sí oko ẹrú! Wọ́n tún ère náà ṣe, wọ́n dá a padà ní 2021. N kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níhìn-ín, inú tó ń bí wọn ní ìdí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orúkọ ara òkúta kò lè ròyìn ara rẹ̀. Àfi kí ẹnì kan lọ ṣí ìwé.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣí i. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tún kọ̀wé: Ole Olsen tí wọ́n rí yẹn, ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n sin ín. Inú àwọn ọmọ kò dùn, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni wọn kì í ṣe ọmọ tó sùn sínú ibojì yẹn. Ọmọ náà ní ìyá tirẹ̀ tó sunkún lé e lórí, kò yẹ ká gba òkú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti ń wá ìwé ìjọ baba wọn ní Amẹ́ríkà báyìí. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.