Ohun Tí Ọmọ Ẹja Ń Jẹ

Kí ẹja yé ẹyin sínú àpótí gíláàsì kì í sábà le. Títọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà ni iṣẹ́ wà. Ẹyin lè pa lọ́pọ̀ yanturu lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, kí omi ti dá páropáro. Ebi ló sábà máa ń pa wọ́n. Ẹnu wọn kéré jọjọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í fọwọ́ kan oúnjẹ tí kò bá mira nínú omi.

Ọ̀rọ̀ omi ló kọ́kọ́ rí ojútùú. Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà ní London, kọ ọ́ jáde ní 1850 pé ewéko àti ìgbín inú omi lè mú kí omi ẹja máa dára. Nígbà tí ìwé tí Philip Henry Gosse kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1854, sísin ẹja nínú ilé di àṣà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹja tó sọ títọ́ ọmọ di ohun àrà ní Yúróòpù ni ẹja paradise, tí wọ́n kó láti Ṣáínà dé Paris ní 1869. Pierre Carbonnier, tó ń sin ẹja níbẹ̀, ló gbà wọ́n. Lọ́dún náà gan-an, ẹja náà bímọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Akọ ló ń ṣe gbogbo làálàá. Á máa gbé afẹ́fẹ́ lójú omi, á fi itọ́ dì í, á sì fi ìfófòó náà kọ́lé. Bí abo bá yé tán, akọ á lé e lọ. Á wá máa ṣọ́ ẹyin. Èyí tó bá já bọ́, á fi ẹnu gbé e padà sínú ìfófòó. Ẹja yìí tó bàbá ṣe! Láàárín bí ọjọ́ kan sí méjì, ẹyin ti pa. Oúnjẹ tí ọmọ gbé wáyé nínú ikùn ni yóò kọ́kọ́ máa jẹ, lẹ́yìn náà ni wàhálà á dé. Ohun tí àwọn olùsìn ẹja ń ṣe láyé àtijọ́ ni pé kí wọ́n rẹ koríko gbígbẹ sínú omi títí àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní yóò fi kún un. Nígbà mìíràn omi náà á bàjẹ́, ọmọ ẹja á sì bá a lọ.

Ìrànlọ́wọ́ wá láti inú omi iyọ̀. Alvin Seale, ọ̀gá Steinhart Aquarium ní San Francisco, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1933 pé artemia, edé kékeré inú omi iyọ̀, dára fún ẹja láti jẹ. Ní 1939, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Rollefsen ní Norway fi ọmọ artemia tọ́ ọmọ ẹja òkun. Ohun tó mú artemia níye lórí jù lọ ni ẹyin rẹ̀: ó gbẹ bí iyanrìn, ó lè wà nínú agolo fún ọdún púpọ̀, bí a bá sì dà á sínú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lè pa láàárín ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń sin ẹja nínú yàrá rẹ̀ lè pèsè oúnjẹ tó wà láàyè nígbà tó bá fẹ́.

Agolo artemia yìí kan náà wà lọ́wọ́ àwọn tó ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ nílẹ̀ Yorùbá lónìí. Òun ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bọ́ ọmọ àrọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó bọ́ sórí oúnjẹ lílọ̀. Láti òkè òkun ló ń wá, owó rẹ̀ sì wọ́n. Nítorí náà, àwọn kan ṣì ń da ìgbẹ́ adìẹ sínú omi kí kòkòrò omi lè pọ̀ níbẹ̀ fún ọmọ ẹja.