Ọ̀rọ̀ Tútù Lẹ́nu Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní àdúgbò yín ní Berlin, ẹ óò gbọ́ ohùn Yorùbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A máa dùn mọ́ni, àfi nígbà tí ó bá jẹ́ èébú ni a ń fi í sọ. A ń fi èdè wa bú aládùúgbò wa ará Tọ́kì, nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ àti ìwérí aya rẹ̀, a sì rò pé kò gbọ́. Lóòótọ́, kò gbọ́. Ọmọ tí a mú lọ́wọ́ ni ó gbọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti ń bọ̀!

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní ọdún kejì. Nígbà èwe rẹ̀ ní Sàró, òun náà a máa bá àwọn Mùsùlùmí jiyàn kíkankíkan. Kò rí èrè kan níbẹ̀. Nígbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́bàá Odò Ọya, ọ̀nà mìíràn ni ó ń tọ̀. Ohun tí ẹ̀sìn méjèèjì jọ mọ̀ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀: áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì, àti bí wúńdíá ṣe bí Jésù, èyí tí ó wà nínú Àlùkùráánì pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1872, nígbà tí ó ti Bídà gba Ìlọrin bọ̀ sí Èkó, wọ́n bi í ní ìbéèrè nípa ẹ̀sìn rẹ̀ níwájú ọba Ìlọrin. Kò bú ẹnikẹ́ni. Bíbélì Yorùbá ni ó ṣí, tí ó fi dá wọn lóhùn.

Inú ìtumọ̀ Bíbélì gan-an ni ìwà yìí ti hàn jù lójú tèmi. Wàásù, àdúrà, àlùfáà: ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn ní ilẹ̀ Yorùbá. Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kò kọ̀ wọ́n sílẹ̀ nítorí ẹni tí ó ni wọ́n.

Ó ṣeni láàánú pé àwọn Kristẹni ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ san án fún un. Ní oṣù kẹjọ 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti Ìlú Ọba, tí ó tó bí lọ́mọ-ọmọ, dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀ nínú ìpàdé, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Onítara ni wọ́n ka ara wọn sí o, irú wọn kò sì wọ́n láàárín wa. Baba náà fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891 ni ó kú ní Èkó.

Nígbà tí ẹ bá tún pàdé aládùúgbò yín ní Badstraße, ẹ kí i, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí wọ́n ń pe àdúrà ní èdè tirẹ̀. Yóò ní “dua”. Ẹ bi í ní wàásù. Yóò ní “vaaz”. Èdè Lárúbáwá ni tirẹ̀ àti tiwa ti ṣẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bi í.